Bí Wọ́n Ṣe Ń Fọ Irin Mọ́ Tí Wọ́n Sì Ń Sọ Ọ́ Di Líle Láyé Àtijọ́, Látorí Òkúta Dórí Ojú Ọ̀bẹ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú nǹkan kan ká, torí òun ló máa ń da èèyàn láàmú jù tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ irin. Ọ̀pọ̀ rò pé iná ló ń fọ irin mọ́, pé bí iná bá ṣe gbóná tó náà ni irin ṣe máa mọ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irin tí ò ní àbùlà kì í yọ́ àfi tí iná bá dé 1538°C, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì rèé, ìléru àwọn alágbẹ̀dẹ ò débẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń rọ ọ̀kọ̀, wọ́n ń rọ àdá, wọ́n ń rọ ìṣó, iṣẹ́ wọn sì dáa. Nǹkan méjì ni wọ́n ń bá fà á: ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó dà bíi gíláàsì dúdú tó há sínú irin, àti kábọ̀n tó ń ti ara èédú wọnú irin. Ìdàrọ́, ẹ fẹ́ kó jáde. Kábọ̀n, ẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀, àmọ́ níwọ̀n. Gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí, orí méjèèjì yẹn ló dá lé.

Ẹ mú ìwọ̀n yìí dání. Tí kábọ̀n ò bá ju 0.1% lọ, irin náà á rọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ síbí síbẹ̀ kó má kán, àmọ́ ojú ẹ̀ ò ní mú pẹ́. Tó bá wà láàárín 0.5% sí 1%, sìtíìlì nìyẹn, òun la fi ń ṣe ọ̀bẹ, àáké àti fáìlì. Tó bá ti kọjá 2%, á di irin dídà, èyí tó máa ń yọ́ bí omi ní nǹkan bí 1150°C, ẹ lè dà á sínú mọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi òòlù lù ú á fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkòkò. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ń ṣe gbogbo èyí ò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ kábọ̀n. Ọdún 1786 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé mẹ́ta, Vandermonde, Berthollet àti Monge, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa pé kábọ̀n ló ya irin àti sìtíìlì sọ́tọ̀. Ojú, etí àti ọwọ́ làwọn tó ti wà ṣáájú fi ń wọ̀n ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó dáná

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Gáàsì tó máa bá yín fọ òkúta irin mọ́, kábọ̀n mónọ́sáìdì, òun náà ló ń pààyàn, kò lóòórùn, kò sì láwọ̀. Ẹ wọ gíláàsì ojú, bàtà aláwọ, aṣọ òwú tó nípọn, kì í ṣe aṣọ náílọ́ọ̀nù tó máa yọ́ lẹ̀ mọ́ yín lára. Ẹ má jẹ́ kí ìdàrọ́ tó ń ṣàn kan ilẹ̀ tútù tàbí kọnkéré, torí omi tó wà nínú ẹ̀ á di ooru lójijì, á sì bú gbàmù. Ẹ má sì ki irin tí wọ́n fi sìǹkì bò sínú iná láé, èéfín ẹ̀ ń ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sun òkúta irin

Òkúta irin ò rí bákan náà, ó lè pupa, ó lè dúdú, ó lè ní àwọ̀ ìpẹtà, ó tiẹ̀ lè jẹ́ iyanrìn dúdú tí òòfà ń gbé. Ti iyanrìn rọrùn láti fọ̀: wọ́n á dà á sínú omi tó ń ṣàn, iyanrìn lásán fúyẹ́, omi á gbé e lọ, ti irin á jókòó sísàlẹ̀. Ti òkúta, ẹ to igi, ẹ da òkúta lé e, ẹ sun ún fún wákàtí mélòó kan títí á fi pọ́n. Sísun yìí ń lé omi inú ẹ̀ jáde, ó ń lé imí ọjọ́, ó sì ń jẹ́ kí òkúta náà sán kí gáàsì lè ráyè wọnú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fọ́ ọ, kó má tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, kó má sì kúnná bí eruku torí eruku á dí ìléru.

Ibí ni ìfọ̀mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ má fò ó. Imí ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù sínú irin máa ń jẹ́ kó fọ́ nígbà tó bá gbóná lábẹ́ òòlù, ó máa ń dun èèyàn gan-an torí iṣẹ́ ti lọ jìnnà kó tó hàn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, nǹkan míì tó máa ń wà nínú òkúta irin, ní tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí irin kán nígbà tó bá tutù, sísun ò sì lè lé ìyẹn, òkúta tí ò ní in púpọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá níbi gbogbo: òpó irin kan wà nílùú Delhi ní Íńdíà tó wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́fà lọ, ó ti dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí 1600 ọdún láì jẹrà, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó pọ̀ lára ẹ̀ sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ìpẹtà má ráyè jẹ ẹ́. Òpó ni ṣá, kì í ṣe idà, kò sẹ́ni tó máa fi gbá nǹkan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìléru

Ẹ po amọ̀ mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ fi mọ ìléru tó ga tó mítà kan, kí fífẹ̀ inú ẹ̀ tó 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ki páìpù amọ̀ tí atẹ́gùn ẹwìrì máa gbà kọjá sára ẹ̀, nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sókè láti ìsàlẹ̀, kó dojú kọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ dá ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí ìdàrọ́ máa gbà jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ dá iná díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á là.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ fi èédú kún un, ẹ fẹ́ ẹwìrì fún bíi wákàtí kan títí inú ẹ̀ á fi mọ́lẹ̀ yòò. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta irin àti èédú sí i látòkè, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, díẹ̀díẹ̀, ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, títí ẹ ó fi da bíi kílò 20 sí 25 òkúta síbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ nìyí: èédú tí atẹ́gùn ò tó fún di kábọ̀n mónọ́sáìdì, gáàsì yẹn ń gòkè, ó ń já ọ́síjìn gbà lára òkúta irin, irin fúnra ẹ̀ á ṣẹ́kù láì yọ́, á máa já bọ́ sísàlẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ páìpù. Iyanrìn àti erùpẹ̀ inú òkúta á gba lára irin tí ọ́síjìn ẹ̀ ò tíì kúrò, wọ́n á jọ yọ́ di ìdàrọ́ ní nǹkan bí 1200°C, wọ́n á sì ṣàn lọ.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i bí irin tó bá ìdàrọ́ lọ ṣe pọ̀ tó, inú ẹ̀ kì í dùn. Á ní kóun fi kún iná, kóun fi kún èédú kí gbogbo irin lè jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Irin tó bá ìdàrọ́ lọ yẹn ló jẹ́ kí ìdàrọ́ lè yọ́ ní ìwọ̀n iná tó wà nílẹ̀, owó ìfọṣọ ẹ̀ nìyẹn. Tí iná bá gbóná jù, irin á mu kábọ̀n yó, á di irin dídà, òòlù ò sì ní í gbà á. Ojú ìdàrọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò: tó bá dúdú tó sì ń ṣàn bí oyin, ọ̀nà tọ́.

Nígbà tí èédú bá jó lọọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú fa ìṣù irin jáde. Á rí gbókugbòku bíi kànìnkànìn, ó lè tó kílò mẹ́rin sí mẹ́fà, ìdàrọ́ á ṣì kún inú ihò ẹ̀. Ní Japan, àwọn tó ń fi iyanrìn irin ṣe é nínú ìléru ńlá tí wọ́n ń pè ní tatara, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀sán àti òru ni wọ́n fi ń dáná láì dá a dúró, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá iyanrìn irin ló ń wọlé, wọ́n á sì wó ìléru náà lulẹ̀ kí wọ́n tó lè gbé ìṣù irin tó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ jáde.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ lu ìdàrọ́ jáde

Ibí ni ìfọ̀mọ́ gan-an wà. Bí ìṣù bá ṣe ń jáde, tó ṣì funfun-yẹ́lò, ẹ gbé e sórí kùkùté igi, ẹ kọ́kọ́ fi òòlù onígi gbá a jẹ́jẹ́ yíká kó lè ki pọ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sórí owú kẹ́ ẹ fi òòlù irin lù ú. Ìdàrọ́ tó ti yọ́ á máa fò jáde bí omi tí wọ́n fún lára aṣọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ wọ aṣọ tó nípọn. Tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti bọ́ sí pupa, ẹ dúró! Ìdàrọ́ ti dì nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ṣì ń lù ú á là sí méjì mẹ́ta. Ẹ dá a padà síná, kó gbóná dénú, kẹ́ ẹ tó tún lù. Ìwọ̀n ẹ̀ lè dín tó ìdajì kó tó di irin gidi, ẹ má bẹ̀rù, ìdọ̀tí ló lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ ṣà á

Ìṣù kan ṣoṣo lè ní ibi tó rọ̀ àti ibi tó le. Ẹ lù ú di pẹlẹbẹ tó nípọn tó bíi mìlímítà márùn-ún, ẹ mú un gbóná pupa, ẹ tì í bọ omi, ẹ wá fi òòlù ṣẹ́ ẹ. Èyí tó bá kán pàù, tí ojú ibi tó ti kán ń dán tó sì kúnná, kábọ̀n wà níbẹ̀, ẹ kó o sọ́tọ̀ fún ojú ọ̀bẹ. Èyí tó bá kàn tẹ̀ tí ò kán, irin tó rọ̀ ni, ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ tàbí èèkù nìyẹn. Àwọn alágbẹ̀dẹ idà ní Japan ṣì ń ṣe é báyìí dòní, èmi ò sì rí ìdánwò tó dín owó kù tó sì sọ òótọ́ jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Kíká àti lílẹ̀

Ẹ to àwọn pẹlẹbẹ náà léra wọn, ẹ ki wọ́n síná. Ẹ wọ́n iyanrìn funfun tó mọ́ sí i lára nígbà tó bá ti pọ́n, iyanrìn á bá èépá irin yọ́, wọ́n á di ìdàrọ́ ṣíṣàn tó máa bo ojú irin kí atẹ́gùn má jẹ ẹ́. Ẹ dúró dìgbà tí ojú ẹ̀ á fi máa dán bí ohun tí wọ́n da epo sí, tí iná wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde lára ẹ̀. Iná tó bá ń ta yàà, irin ń jóná nìyẹn, ó ti pẹ́ jù. Ẹ yọ ọ́, ẹ tètè lù ú, àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lù lọ sétí, kí ìdọ̀tí lè ríbi gbà jáde, torí èyí tẹ́ ẹ bá ká mọ́ àárín ò ní jáde mọ́. Òòlù àkọ́kọ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ le jù, ó yẹ kó kàn mú wọn so mọ́ra ni. Ẹ fà á gùn, ẹ gé e ní ìdajì, ẹ ká a, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Kíká mẹ́wàá á fún yín ní ìpele 1024 tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Èèyàn máa ń gbọ́ pé wọ́n ká idà kan ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, irọ́ ni, bí wọ́n bá ká a tó bẹ́ẹ̀ kò ní sí irin tó máa ṣẹ́kù. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kì í síná ni ara ẹ̀ ń bó dànù tí kábọ̀n sì ń jó lọ. Kíká kọ́ ló ń sọ irin di líle. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fọ́ ìdàrọ́ tó kù sí kéékèèké, ó sì ń jẹ́ kí kábọ̀n tàn káàkiri dọ́gba. Tó bá ti dọ́gba, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Kábọ̀n, ẹ fi kún un tàbí ẹ yọ lára ẹ̀

Tí irin yín bá rọ̀ jù, ẹ fi kábọ̀n sí i. Ọ̀nà àtijọ́ kan nìyí: ẹ ki irin sínú àpótí tàbí amọ̀ pẹ̀lú èédú lílọ̀, egungun tàbí awọ tẹ́ ẹ ti sun, ẹ fi amọ̀ dí gbogbo ẹnu ẹ̀ kí atẹ́gùn má wọlé, kó wà nínú iná tó tó bíi 900°C fún wákàtí mélòó kan. Kábọ̀n á wọlé díẹ̀díẹ̀, ó lè má ju mìlímítà kan lọ, ìta á le, inú á ṣì rọ̀, ohun tẹ́ ẹ sì fẹ́ fún fáìlì nìyẹn. Ní Yúróòpù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá, ọkùnrin ìsìn kan tó ń jẹ́ Theophilus ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké: ẹ fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa fáìlì lára, ẹ fi awọ ewúrẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, ẹ fi òwú dì í, ẹ fi amọ̀ bò ó, ẹ ki sínú iná, ẹ yọ amọ̀ kúrò kíákíá, ẹ tì í bọ omi. Ọ̀rá àti awọ ń jóná di kábọ̀n lára irin náà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lè gbìyànjú ẹ̀ lónìí.

Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, wọ́n á to ọ̀pá irin àti èédú sínú àpótí olókùúta gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, wọ́n á fi iná sí i fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀pá yẹn máa ń jáde pẹ̀lú rorẹ́ rorẹ́ lára, torí kábọ̀n tó wọlé ń pàdé ìdàrọ́ tó há sínú, gáàsì á sì wú níbẹ̀. Ẹ rí i pé ìdọ̀tí ṣì wà nínú ẹ̀ o! Ìyẹn ló bí Benjamin Huntsman nínú, ó ń ṣe aago ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sìtíìlì tó ń rà ò dọ́gba, sípíríǹgì ẹ̀ ń kán. Nínú àwọn ọdún 1740 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀pá wọ̀nyẹn pátápátá nínú ìkòkò amọ̀ tó ní ìdérí, iná èédú líle tí wọ́n ń pè ní kóòkì ló lò. Ohun tó bá yọ́ pátá, ìdàrọ́ á léfòó, ẹ ó kàn gé e kúrò lórí ni.

Àmọ́ gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ti ń ṣe irú ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Wọ́n á ki irin tó rọ̀ àti ẹ̀rún igi tàbí ewé sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, wọ́n á dí i pa, wọ́n á fi iná sí i fún wákàtí púpọ̀, kábọ̀n á wọnú irin, irin á wá yọ́ ní iná tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù jẹ́jẹ́. Wootz ni wọ́n ń pè é, kábọ̀n inú ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 1% sí 2%. Tẹ́ ẹ bá mú un gbóná funfun kẹ́ ẹ tó lù ú, á fọ́ sọ́wọ́ yín. Iná pupa ni kẹ́ ẹ fi rọ ọ́, pẹ̀lú sùúrù.

Tí kábọ̀n bá pọ̀ jù ńkọ́? Ṣáínà ló kọ́kọ́ ní ìṣòro yìí, torí wọ́n ti ń da irin dídà láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n ń rò ó nínú atẹ́gùn kí kábọ̀n lè jó kúrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Henry Cort gbà pátẹ́ǹtì fún lọ́dún 1784 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ya èédú inú ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára irin, iná nìkan ló ń gba orí ẹ̀ kọjá, kí imí ọjọ́ inú èédú má bàa ràn án. Òṣìṣẹ́ á fi ọ̀pá gígùn máa rò ó, bí kábọ̀n bá ṣe ń lọ náà ni irin á máa ki, torí irin tí ò ní kábọ̀n nílò iná tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọ́, títí á fi di ìṣù tó ṣeé gbé sábẹ́ òòlù. Iṣẹ́ tó ń pa èèyàn ni. Lọ́dún 1856 Henry Bessemer fẹ́ atẹ́gùn gba inú irin yíyọ́ kọjá, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ó ti parí, kábọ̀n àtàwọn nǹkan míì tó ń jó nínú irin náà gan-an ló ń mú un gbóná. Ṣùgbọ́n àwọn tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ rí irin tó ń fọ́, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ò kúrò, àfìgbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan, Thomas àti Gilchrist, fi òkúta ẹfun bo inú ìléru náà ní ìparí àwọn ọdún 1870.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tì í bọ omi

Irin tí ò ní kábọ̀n, ẹ lè tì í bọ omi láàárọ̀ dalẹ́, kò ní le. Sìtíìlì nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ omi. Ẹ ṣe é níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí àwọ̀ ẹ̀, kó pupa dọ́gba látìpẹ̀kun dópin. Ẹ máa fi òòfà kàn án: nígbà tí òòfà ò bá gbá a mú mọ́, ó ti dé nǹkan bí 770°C, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, ẹ wá tì í wọlé tààrà, kí ojú ẹ̀ ṣáájú, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ torí á wọ́.

Theophilus yẹn sọ pé ìtọ̀ òbúkọ ń sọ irin di líle ju omi lásán lọ. Èèyàn lè kà á sí àsọdùn, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú ìtọ̀, omi iyọ̀ sì ń tètè mú irin tutù ju omi lásán lọ torí kì í jẹ́ kí ooru bo ara irin bí aṣọ. Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó le gan-an, ẹ lo òróró tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé á là. Àwọn ará Japan ń fi amọ̀ kun ara idà, kó nípọn lẹ́yìn, kó fẹ́lẹ́ lójú, ojú á tutù kíákíá á le, ẹ̀yìn á tutù jẹ́jẹ́ á rọ̀.

Ẹ wá fa fáìlì lé e lórí. Bírin bá kanrin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan: tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí ẹ̀ láì jẹ ẹ́, ó ti le. Tó bá jẹ ẹ́, iná ò tó tàbí kábọ̀n ò tó.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dín líle ẹ̀ kù

Bó ṣe wà yẹn, tó bá já bọ́ lọ́wọ́ yín á fọ́ bíi gíláàsì, ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó ṣe èyí. Ẹ fi òkúta fá ara ẹ̀ kó dán, ẹ mú ẹ̀yìn ẹ̀ gbóná jẹ́jẹ́, ẹ máa wo bí àwọ̀ ṣe ń rìn lọ sójú ẹ̀. Yẹ́lò bíi koríko gbígbẹ, nǹkan bí 220°C, ti abẹ ìfárí nìyẹn. Àwọ̀ ilẹ̀, 255°C, ti ọ̀bẹ. Elésè àlùkò, 280°C, ti àáké. Búlúù, 300°C, ti sípíríǹgì. Ìgbà tí àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ bá kan ojú ẹ̀, ẹ tì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ so ó rọ̀, ẹ fi nǹkan kan lù ú díẹ̀. Tó bá dún gooro bí agogo, ó pé. Tó bá dún gbó̩, ó ti là níbì kan tí ojú ò rí, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ kó èyí tó kù padà sórí òkìtì pẹlẹbẹ ti Ìgbésẹ̀ 5.